Ọkọ Tí Mo Ní ní Peckham

Ẹ ò ní gba ohun tí mo fẹ́ sọ yìí gbọ́, mi ò sì ní bá yín jà sí i. Èmi alára, bí ẹnìkan bá ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé ọkùnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tó ní ìyàwó àti ọmọ, tí ikùn rẹ̀ máa ń ṣíwájú rẹ̀ wọ bọ́ọ̀sì, yóò ní ọkọ nílé ní Peckham, ǹ bá ní kí olúwarẹ̀ lọ fi omi tútù bọ́jú. Ṣùgbọ́n mo ní ọkọ. Ọkọ mi ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ lẹ́tà pínpín, kò mọ ẹyin dín, ó sì fẹ́ràn mi ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ má tíì pa ìwé dé. Ẹ jẹ́ kí n fìdí kalẹ̀ ṣàlàyé.

Iṣẹ́ tí mo ń ṣe gan-an ni pé mo ń tọ́jú yàrá ìkàwé ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Kennington. Lọ́jọ́ tí wọn ò bá nílò mi níbẹ̀, mo máa ń ṣàìsàn. Iṣẹ́ ni àìsàn náà o. Ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ tó fẹ́ di dókítà máa ń wá irú àwa tí ara wa le, tí ẹnu wa sì dùn, pé ká wá jókòó ká máa kérora, kí àwọn ọmọ náà fi wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀, kí wọ́n má baà lọ ba ọ̀rọ̀ jẹ́ níwájú ẹni tó ń ṣàìsàn lóòótọ́. Wọ́n á fún èèyàn ní ìwé pélébé kan: irú ẹni tó o jẹ́ rèé, ibi tó ń dùn ọ́ rèé, èyí ni kó o sọ, èyí ni kó o má sọ àfi tí wọ́n bá bi ọ́ bó ṣe yẹ. Mo ti ní ìtọ̀ ṣúgà rí, mo ti ní ọgbẹ́ inú, mo sì ti dákú lọ́jọ́ kan débi pé ọmọ òyìnbó kan gbàgbé ara rẹ̀, ó pè mí ní Dádì. Ìyàwó mi, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì nílé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ní Brockley, máa ń sọ pé láti ọjọ́ tóun ti ń tọ́jú aláìsàn, òun ò tíì rí èyí tó ń jẹ ẹ̀bà tó mi.

Dókítà tó ń darí ẹ̀kọ́ náà, obìnrin ará Scotland kan tó máa ń rìn bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó, ló pè mí lórí fóònù. Ó ní ẹ̀kọ́ tuntun kan ti wọlé. Wọ́n ti rí i pé àwọn ọmọ wọ̀nyí mọ ẹ̀dọ̀, wọ́n mọ kíndìnrín, ṣùgbọ́n bí ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin bá jókòó síwájú wọn, tàbí obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin, tàbí ẹni tí wọ́n pè ní ọkùnrin nígbà tí wọ́n bí i tó sì mọ ara rẹ̀ ní obìnrin, ẹnu wọn á gbẹ. Bí ẹnu dókítà bá ti gbẹ, aláìsàn á kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ pa mọ́, àìsàn á sì bá ọ̀rọ̀ náà wọ ibi tó sá sí. Ó ní ṣé mo lè ṣe ọkùnrin tó ní ọkọ? Mo ní kò burú.

Ẹnu mi ló sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀, mo jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, mo ń ro Peckham. Bí èèyàn bá sín ní Rye Lane, wọ́n á ti máa kí i pẹ̀lẹ́ ní Nunhead kó tó nu imú. Àwa tí à ń lọ sí mọ́ṣáláṣí o, àwọn aláṣọ funfun o, kò sóhun tá ò gbọ́ nípa ara wa. Èyí tá ò gbọ́ gan-an, a máa ń bá a dá sí i. Ọ̀rọ̀ irú àwọn èèyàn tí dókítà ń sọ yìí sì jẹ́ èyí tí à ń fi ohùn kékeré sọ láàárín ara wa, bí a bá tiẹ̀ sọ ọ́ rárá.

Mo lọ bá ìyàwó mi nínú ilé ìdáná, níbi tó ti ń fọ ìkòkò. Mo ní wọ́n ti fún mi lọ́kọ.

Kò tiẹ̀ wojú mi. "Ṣé ó máa ń fọ abọ́?"

Mo ní wọn ò kọ ìyẹn sínú ìwé.

"Ẹ padà lọ bi wọ́n. Tó bá ń fọ abọ́, ẹ mú un wálé. Èmi á máa pè é ní ìyálé."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi dà sí i láṣọ. Lẹ́yìn náà ló nu ọwọ́, tó wá sọ fún mi nípa obìnrin arúgbó kan níbi iṣẹ́ rẹ̀, tó ń pe obìnrin kejì tó máa ń wá wò ó ní àbúrò òun. Ó pẹ́ gan-an kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé wọn kì í ṣe tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, pé ilé kan náà ni wọ́n ti jọ gbé láti ìgbà èwe wọn. Gbogbo ọdún yẹn, bí agogo àlejò bá ti lù, àwọn nọ́ọ̀sì á ní kí àbúrò máa lọ. Ìyàwó mi ní tí mo bá fẹ́ ṣe é, kí n ṣe é dáadáa.

Ìtàn inú ìwé pélébé tí wọ́n fún mi kì í ṣe ohun tí wọ́n jókòó hun. Ẹni tó ni ín wà láàyè: bàbá òyìnbó kan ní Nunhead, tó wa bọ́ọ̀sì títí ó fi fẹ̀yìn tì, tí òun àti ọkọ rẹ̀ ti jọ ń gbé kí wọ́n tó bí èyíkéyìí nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ̀nyí. Òun àti dókítà ará Scotland ni wọ́n jọ kọ ọ́. Nínú ìtàn náà, kókó kan hù sínú ìfun ọkùnrin kan. Ó yẹ kí wọ́n gé e kúrò, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà kò yọjú lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ. Wọ́n dá ọjọ́ mìíràn fún un, kò tún yọjú. Ọ̀bẹ kọ́ ló ń bà á lẹ́rù. Nígbà kan tó ti sùn sílé ìwòsàn rí, wọ́n fi ọkọ rẹ̀ sórí ìdúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́, wọ́n ní ẹbí nìkan ló lè wọlé. Ó ti búra pé òun ò tún ní sùn síbi tí wọ́n ti lè lé ẹni òun síta. Gbogbo èyí ni mi ò gbọdọ̀ sọ, àfi tí dókítà kékeré tó wà níwájú mi bá ṣí ọ̀nà fún mi.

Bàbá ará Nunhead wá wo bí mo ṣe ń múra. Mo ti ronú lé e dáadáa o, ẹ má rò pé mi ò ṣiṣẹ́. Mo dẹ ọrùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo na ọwọ́ bí ẹni tó fẹ́ kí wọ́n fi òrùka sí i, mo sì sọ ohùn mi di tín-ín-rín. Bàbá wò mí títí. Ó bi mí pé ta ni mò ń ṣe yẹn. Mo ní òun ni. Ó ní òun wa bọ́ọ̀sì ní ìlú yìí láti ìgbà tí orí òun ti ní irun, òun ti gbé ọ̀mùtí sọ̀ kalẹ̀ ní gbogbo ibùdókọ̀ tó wà láàárín Peckham àti Brockley, ibo ni òun ti máa rí àyè dẹ ọrùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan?

"Ọkùnrin tí inú ń run ni yín," ó ní. "Ẹ̀rù sì ń bà yín. Ẹ jókòó bẹ́ẹ̀, ó ti tó."

Mo kó ọwọ́ mi padà sórí itan. Ẹ̀rín pa àwa méjèèjì, a sì mu tíì. Nídìí tíì yẹn ló ti ń sọ fún mi pé ọkọ òun ò mọ ẹyin dín, pé bí wọ́n bá jí ní Sátidé tí òórùn nǹkan tó jóná gba ilé, òun á mọ̀ pé ìfẹ́ ló ń rùn. Mo bẹ̀ ẹ́ kó yá mi ní ẹyin yẹn, kí èmi náà fi sára ọkọ tèmi. Ó ní kí n máa mú un lọ, ó ti pọ̀ jù lọ́dọ̀ àwọn.

Nígbà tó di ọjọ́ ẹ̀kọ́, dókítà ará Scotland fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí a tó bẹ̀rẹ̀. Ó ní ọmọbìnrin kan wà nínú wọn tí òun fẹ́ kí n fojú sí lára. Orí rẹ̀ pé, kò sí ìwé tí kò kà, ṣùgbọ́n ó ti fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kan nínú ìdánwò bíbá aláìsàn sọ̀rọ̀. Àtúnṣe ìdánwò náà ti di ọ̀la. Bó bá tún fìdí rẹmi, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á máa lọ síwájú, òun á sì tún odindi ọdún kà. Dókítà ò sọ fún mi pé ọmọ Yorùbá bíi tiwa ni.

Kò sì pọn dandan kó sọ ọ́. Ọmọ náà ṣílẹ̀kùn, ó rí ojú mi, orúnkún rẹ̀ ti kanlẹ̀ kó tó rántí pé òun ni dókítà. "Ẹ káàárọ̀ sà," ó ní, pẹ̀lú ohùn àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí Peckham, tó ń gòkè níbi tó yẹ kó ti sọ̀ kalẹ̀. Ó bọ́ sí èdè òyìnbó. Kó tó jókòó, ó ti bi mí pé báwo ni Mummy nílé, báwo ni àwọn ọmọ.

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá, kí ló ṣe tó burú? Ẹni tó bá pàdé àgbàlagbà tí kò bèèrè ìyàwó, tí kò bèèrè ọmọ, ṣebí a máa ń ní wọn ò kọ́ ọ nílé ni. Èmi fúnra mi, inú mi dùn sí i, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ súre fún un. Ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú ìwé mi ni pé bí dókítà bá ti fún mi níyàwó, kí n gbà á, kí n sì panu mọ́. Mo ní Mummy wà dáadáa. Báyìí ni ilẹ̀kùn ṣe tì.

Ọmọ náà ṣiṣẹ́ o. Ó bèèrè inú rírun, ó bèèrè ẹ̀jẹ̀, ó bèèrè oúnjẹ àti sìgá, kò fo ohunkóhun. Nígbà tó dé ibi tó ti bi mí pé kí ló dé tí mi ò yọjú fún iṣẹ́ abẹ, mo ní ọwọ́ mi dí. Ó ní kí n ro ti Mummy. Mo wo ilẹ̀. Ó ní ṣé mo fẹ́ kí Mummy di opó? Mo tún wo ilẹ̀. Bó ṣe ń pe Mummy sí i ni mo ń sún àga mi sẹ́yìn, ó sì rí i pé mò ń lọ, kò kàn mọ ohun tó ń lé mi ni. Lẹ́yìn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó kù tí wọ́n ń wò wá, bàbá ará Nunhead jókòó, ó ka ọwọ́ méjèèjì lé àyà, ó ń wo bàtà rẹ̀.

Dókítà dá wa dúró. Ó bi mí bóyá mo máa lọ ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Mo ní rárá. Ojú ọmọ náà ti kún fómi.

Ó ní ṣebí òun kí mi ni. Bí ìyá òun bá gbọ́ pé òun pàdé irú mi tí òun ò bèèrè ìyàwó, ìyá òun ò ní lè gbójú sókè ní ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tó yá, ó kọjú sí mi, ó fi Yorùbá sọ èyí tó ń dùn ún gan-an.

"Uncle, ẹ ju dádì mi lọ. Mi ò lè bi yín pé ta lẹ̀ ń bá sùn. Kò lè jáde lẹ́nu mi."

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn tó kù. Bàbá ará Nunhead ló dáhùn láti ẹ̀yìn.

"Èmi náà ò fẹ́ kó o bi mí. Ní ọjọ́ orí tiwa, tí a bá ti sùn, a sùn náà nìyẹn." Ẹ̀rín bú gba gbogbo yàrá, títí kan ọmọ náà tó ń nu ojú. Bàbá dúró kó parí. "Ẹni tó ń dúró dè mí níta ni mo fẹ́ kó o béèrè."

Ibẹ̀ ni ẹnu ti bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Ìwé sọ pé aláìsàn kì í ṣe olùkọ́, ṣùgbọ́n mo ti kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Ìjẹ̀bú-Òde kí n tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń kérora ní London. Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ dókítà, ó sì fún mi. Mo bi ọmọ náà bóyá ó ní ìyá àgbà. Ó ní òun ní, ọ̀dọ̀ wọn ni òun ti dàgbà. Mo ní tí màmá bá wọ ilé ẹni tí wọn ò mọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, bóyá ìyàwó ti kó jáde, bóyá ọkọ ti kú, bóyá àna ló wá gba ilé lọ́wọ́ wọn, báwo ni wọ́n ṣe máa ń kí wọn?

Ó ronú. "Wọ́n á ní, 'Ará ilé ńkọ́?' Bí wọ́n ṣe ń kí gbogbo èèyàn nìyẹn. Mo rò pé wọ́n ti gbàgbé orúkọ wọn ni."

Mo ní màmá ò gbàgbé nǹkan kan. Ìkíni tó bèèrè ìyàwó dára, ó wà fún ẹni tí o ti mọ ìyàwó rẹ̀. Ẹni tí o ò bá mọ ilé rẹ̀, ará ilé lo máa bèèrè, onílé á wá fúnra rẹ̀ sọ ẹni tó wà nínú ilé fún ọ. Baba ńlá wa tó dá ìkíni yẹn sílẹ̀ mọ̀ pé ilé ju ilé lọ. Mo sọ ọ́ lédè òyìnbó fún àwọn tó kù. Dókítà ará Scotland ní nílé ìyá òun náà, wọ́n ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ṣùgbọ́n òjò ni wọ́n á kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ó ní kí ọmọ náà jáde, kó tún wọlé. Ó wọlé, orúnkún rẹ̀ tún kanlẹ̀, dókítà ní kò séwu, kó fi orúnkún sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó jókòó, ó mí, ó wá bi mí pé ilé ńkọ́, ta lẹ jọ wà níbẹ̀?

Ìwé mi ti fún mi láyè báyìí. "Ọkọ mi ni," mo ní.

Mo ti sọ ọ́ léraléra níwájú dígí, kò ṣe mí ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n níwájú ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúnlẹ̀ fún mi, tí a lè jọ pàdé ní Rye Lane lọ́la níwájú ìyá rẹ̀, ọ̀rọ̀ kúkúrú yẹn wúwo bí àpò ìrẹsì. Ó kù díẹ̀ kí n wo ilẹ̀. Mo ronú pé bàbá ará Nunhead ti gbé e báyìí wọ gbogbo ilé ìwòsàn tó ti wọ̀, kò sì sí ìwé pélébé kankan lọ́wọ́ rẹ̀. Mo gbójú sókè, mo wo ọmọ náà.

Ó wá bi mí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bóyá mo máa fẹ́ kí ọkọ mi wà lọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ. Ohun tí mo ti pa mọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde: ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìdúró títí ilẹ̀ fi mọ́, "ẹbí nìkan." Kò já ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Nígbà tí mo parí, ó ní òun máa kọ orúkọ ọkọ mi sí ipò kìíní, pé òun ni kí wọ́n kọ́kọ́ pè. Ó ní òun máa bá àwọn nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù sọ̀rọ̀ fúnra òun kí n tó dé, kí ẹnikẹ́ni má baà ní kó dúró níta.

Bàbá ará Nunhead bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún nù ún.

"Ó dáa," ó ní. "Màá wá fún iṣẹ́ abẹ náà."

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, nígbà tí gbogbo wa ń lọ, ọmọ náà sá tẹ̀ lé mi. Inú rẹ̀ ti tún bàjẹ́. Ó ní tòní ti lọ, ọ̀la ńkọ́? Ó ní Mummy máa padà sí òun lẹ́nu, pé ó ti wà nínú ẹ̀jẹ̀. Ìyá òun sì ti ń gbààwẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti dá ọjọ́ ìdánwò, òun ò sì mọ ohun tí òun máa sọ fún wọn tó bá tún já sófo. Mo ní ṣé Peckham ló ń lọ? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní ká jọ lọ, kó máa fi ẹnu kọ́ ìkíni náà lójú ọ̀nà.

A sọ̀ kalẹ̀ ní Rye Lane. Bí a bá ti pàdé ọmọ Yorùbá tí mo mọ̀, màá ti ọmọ náà síwájú, á kúnlẹ̀ díẹ̀, á ní, "Ará ilé ńkọ́, sà?" Àwọn kan ní wọ́n wà, wọ́n kọjá lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tó kí ọkùnrin tó ń gẹrun mi, tó ń gba afẹ́fẹ́ níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, onítọ̀hún mí kanlẹ̀, ó ní ará ilé wo gan-an ló ń béèrè nínú wọn? Ó ti pẹ́ tí arákùnrin ìyàwó òun ti ń sùn sórí àga pálọ̀, ẹni tó ní alẹ́ ọjọ́ kan péré lòun máa lò. Nítorí rẹ̀ ni òun ò ṣe ráyè na ẹ̀yìn òun sílẹ̀, ẹ̀yìn náà sì ti ń dun òun wọ ẹsẹ̀. Odidi ọdún ni ọkùnrin yìí fi ti ń gẹrun mi, bí mo bá sì ti dé, màá ní ìyàwó ńkọ́, á ní ó wà, ó parí. Ọmọ náà wò mí. Mo ní kó má wò mí, kó tẹ́tí sí aláìsàn rẹ̀. Ó bi í bóyá ẹ̀yìn náà máa ń dùn ún lóru, ó sì ní kó lọ rí dókítà tó bá tún mú un nínú ẹsẹ̀. Ẹ̀rín ni ọmọ náà fi gba ọ̀nà ilé lọ. Èmi náà lọ sílé, mo ròyìn fún ìyàwó mi, ó ní ọkọ mi ti fẹ́ sọ mí di èèyàn gidi.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mi ò tíì mu tíì tán tí fóònù fi dún. Ọ́fíìsì ìdánwò ni. Ọ̀kan nínú àwa tí à ń ṣe bí aláìsàn ti ṣàìsàn lóòótọ́. Ó ń bì látòru. Ṣé mo lè wá dípò rẹ̀? Mo sọ fún wọn pé mo mọ ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà, pé a jọ rìn lánàá. Wọ́n ní kò burú, àwa aláìsàn náà máa ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní máàkì, ṣùgbọ́n èmi ò ní fún ọmọ yẹn ní tèmi, olùdánwò nìkan ló máa fún un.

Wọ́n já ìwé pélébé tuntun lé mi lọ́wọ́ bí mo ṣe ń wọlé. Ọkùnrin tí ìtọ̀ ṣúgà ń bá jà ni mí lọ́tẹ̀ yìí, egbò wà lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Ìyàwó mi ti lọ sí Èkó lọ tọ́jú ọmọ-ọmọ wa, èmi nìkan ló kù nílé, mi ò lè tẹ̀ wo àtẹ́lẹsẹ̀ ara mi. Olùdánwò jẹ́ ọkùnrin gíga kan tó ti hewú, tí kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan wọlé, ó jáde, òmíràn wọlé. Gbogbo wọn bá ìyàwó mi ní Èkó, àyàfi àwọn tí kò béèrè rárá. Ẹnu mi ti ń gbẹ.

Ó kan ọmọ àná, ó wọlé. Ó rí mi, kò fi hàn pé òun mọ̀ mí, àfi orúnkún tí kò gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Ó jókòó. Ó wo ẹsẹ̀ mi, ó béèrè bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Mo ń retí Mummy, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ di ojú. Ó ní, "Ilé ńkọ́ sà? Ta lẹ jọ wà níbẹ̀?"

Inú mi dùn débi pé ẹnu mi ṣáájú mi.

"Ọkọ mi ni," mo ní.

Mo gbọ́ tí bírò olùdánwò dúró. Ẹni tó bá ti ń ṣe aláìsàn kò gbọdọ̀ jáde kúrò nínú àìsàn rẹ̀ títí agogo á fi lù, ọ̀rọ̀ sì ti bọ́ lẹ́nu mi. Mo ro ìyá tó ń gbààwẹ̀, mo ro odindi ọdún tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ahọ́n gé lulẹ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ.

Ọmọ náà ò tilẹ̀ ṣẹ́jú. Ó bi mí bóyá ọkọ mi máa ń bá mi wo àtẹ́lẹsẹ̀ mi. Mo ní ìbàdí ń dùn ún, kò lè tẹ̀. Ó ní kí ọkọ mi máa jókòó sórí àga, kí n gbé ẹsẹ̀ lé e lórí itan lálaalẹ́, bí a bá ń wo tẹlifíṣọ̀n, kó máa wò ó bóyá ó pọ́n tàbí ó wú. Ó ní kí n mú un dání lọ́jọ́ tí mo bá tún ń bọ̀, kí nọ́ọ̀sì fi bí wọ́n ṣe ń di egbò han àwa méjèèjì pọ̀. Ó béèrè bóyá ohun kan wà tó ń ba èmi tàbí òun lẹ́rù. Agogo lù. Ó dìde, ó kí olùdánwò, ó jáde.

Olùdánwò gbé ìwé mi sókè láti orí tábìlì, ó fi ìka sí ibi tí wọ́n kọ ìyàwó sí, ó sì dì í mú síwájú mi títí mo fi kà á tán.

"Ẹ ti gbàgbé aya yín sí Èkó," ó ní.

Mo bẹ̀bẹ̀. Mo ní ẹ̀bi mi ni, ọmọ náà ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ó ní òun mọ̀. Ó ní kò yẹ kí òun sọ máàkì fún mi, òun ò sì ní sọ ọ́, ṣùgbọ́n nǹkan tí wọ́n ní kí òun wá wò ni bóyá ọmọ náà á gba ohun tí aláìsàn bá sọ fún un kó sì fi tọ́jú rẹ̀, òun sì ti rí i. Ó ní kí n má yọ ara mi lẹ́nu, ìyá ọmọ náà lè lọ jẹun. N kò tíì sọ fún un pé ìyá rẹ̀ ń gbààwẹ̀. Àṣé ọmọ náà ti sọ fún un lẹ́nu ọ̀nà kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀, nígbà tí òun olùdánwò bi í pé báwo ni ilé.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó kàn ti ń kan ilẹ̀kùn. Mo yára gba ìwé mi padà, mo wá ìyàwó mi títí mo fi bá a ní Èkó, mo kí i kú àtijọ́, mo sì gbé ẹsẹ̀ mi tó ń dùn mí lé orí àga.